Mo Fura sí Ẹ̀fọ́, Mo Fura sí Ìyàwó Mi

Ẹ̀yin tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún pé ìtọ̀ ṣúgà ti wọ ara yín, ẹ kú ìpayà. Mo mọ bí ọjọ́ yẹn ṣe máa ń rí. Èèyàn á jáde ní ọsibítù, á máa wo oúnjẹ tí wọ́n ń tà lẹ́bàá ọ̀nà bí ẹni ń wo ọ̀tá. Èmi kì í ṣe dókítà, ẹ má sì gba ọ̀rọ̀ mi gbọ́ láìbi àwọn tó ń tọ́jú yín léèrè. Wolé-wolé ni mí. Ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n ni mo fi wọ ilé onílé kiri ní Abẹ́òkúta àti Owódé, tí mò ń ṣí ìkòkò omi wò, tí mò ń bi àwọn olóúnjẹ léèrè ibi tí wọ́n ti ń pọn omi. Mo ti fẹ̀yìn tì, ṣùgbọ́n ojú mi kò tíì fẹ̀yìn tì. Bí wọ́n bá gbé oúnjẹ fún mi níbi ìkómọjáde, etí abọ́ ni mo máa ń kọ́kọ́ wò. Ìfura loògùn àgbà, àwọn baba wa ló sọ bẹ́ẹ̀. Mo fẹ́ sọ fún yín bí mo ṣe mu oògùn náà ní àmujù, tó fi kù díẹ̀ kí n pàdánù ẹsẹ̀ mi.

Òùngbẹ ló kọ́kọ́ dé. Mo lè mu omi ike ńlá kan tán kí ẹnu mi tún gbẹ bíi ti ẹni tó jẹ gààrí gbígbẹ. Lẹ́yìn òùngbẹ, ìtọ̀. Láti ilé wa ní Ìbarà dé Aké, mo máa ń wá ibi tí màá tọ̀ sí lẹ́ẹ̀mejì, èmi àgbàlagbà tí mo ti mú ọ̀pọ̀ èèyàn rí nítorí pé wọ́n tọ̀ sójú títì. Ara mi ń rù. Ṣòkòtò ń yọ́ bọ́ nídìí mi. Àwọn ẹgbẹ́ mi ní ṣọ́ọ̀ṣì ń yìn mí pé ìfẹ̀yìntì ti sọ mí di ọ̀dọ́. Mo ń bá wọn rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n mo ti ń fura sí ohun kan, ìyẹn omi ẹ̀rọ tí onílé iwájú wa ṣẹ̀ṣẹ̀ gbẹ́, tí gbogbo àdúgbò ń pọn. Mo bu omi náà sínú ìgò, mo gbé e lọ bá ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ṣì ń ṣiṣẹ́ ní ẹ̀ka wa àtijọ́ pé kó bá mi yẹ̀ ẹ́ wò. Ó ní omi náà dára. Mo fura sí òun náà.

Lẹ́yìn èyí ni èèrà bẹ̀rẹ̀ sí í tò wá sí ilé ìtọ̀ wa láràárọ̀. Mo da eérú sí wọn, wọ́n gba ẹ̀gbẹ́ kejì. Mo fín oògùn, wọ́n padà wá lọ́jọ́ kẹta. Mo sọ̀kalẹ̀ lọ bá àwọn ayálégbé wa, mo ní àwọn ọmọ wọn ló ń da ọtí ẹlẹ́rìndòdò sílẹ̀ níbẹ̀. A fẹ́rẹ̀ẹ́ jà. Ìyàwó mi, Ìyá Bọ̀dé, tó jẹ́ tíṣà kí òun náà tó fẹ̀yìn tì, ló pè mí sínú yàrá.

"Bàbá Bọ̀dé, ẹ fi ọmọ ọlọ́mọ sílẹ̀. Mo ti ń ṣọ́ àwọn èèrà yìí. Bí èmi bá lo ibẹ̀ tán, ẹyọ kan kì í wá. Ẹ̀yìn yín ni wọ́n máa ń dé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ yẹ ara yín wò."

Inú bí mi pé òun ló wá bá mi ṣe iṣẹ́ tí mo fi ọjọ́ ayé mi ṣe. Ṣùgbọ́n òótọ́ ni, mo sì lọ.

Ẹni tó bá fẹ́ rí dókítà ní ọsibítù ìjọba, ẹ mọ̀ pé ó ní láti tètè jí, kó lè gbé káàdì rẹ̀ lọ. Nígbà tí mo fi máa débẹ̀, bẹ́ǹṣì ti kún. Àwọn kan kò tilẹ̀ sí lórí bẹ́ǹṣì, gèlè wọn tàbí ike omi wọn ló ń bá wọn jókòó. Mo rí obìnrin kan tó fọgbọ́n gbé káàdì tirẹ̀ síwájú tèmi. Mo gbé e padà lójú rẹ̀, a sì jọ jókòó síbẹ̀ títí di ọ̀sán láìsọ̀rọ̀ síra wa. Nígbà tó kàn mí, wọ́n gún mi níka, wọ́n fi ẹ̀jẹ̀ kan ẹ̀rọ kékeré kan. Ọmọbìnrin tó mú ẹ̀rọ náà lọ́wọ́ wò ó, ó tún un ṣe. Ìgbà tó tún un ṣe yẹn ni àyà mi já.

Dókítà tó rí mi kò ju àbíkẹ́yìn mi lọ. Ó ní ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ mi ti ga kọjá ààlà, pé àìsàn náà kì í sábà lọ pátápátá, ṣùgbọ́n èèyàn lè bá a gbé pẹ́ bó bá ń lo oògùn, tó sì ń ṣọ́ ẹnu rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ní kí n bọ́ bàtà. Ó ń wo ìka ẹsẹ̀ mi lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìgbà yẹn ni ẹ̀rù bà mí gan-an, nítorí egbò ẹsẹ̀ tí kò jinná ló pa bàbá mi ní Papalanto. Ẹbí wa pín sí méjì nígbà náà lórí ẹni tó fi nǹkan sílẹ̀ fún un láti tẹ̀. Kò sẹ́ni tó dárúkọ ṣúgà.

Kí wọ́n tó jẹ́ ká máa lọ, nọ́ọ̀sì kan tí gbogbo èèyàn ń pè ní Sísítà Yẹmí kó àwa tuntun jọ. Obìnrin kúkúrú ni, ohùn rẹ̀ sì le bíi ti olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi. "Ẹ dín òkèlè kù, ẹ jẹ́ kí ẹ̀fọ́ pọ̀. Ṣé ẹ gbọ́ mi? Ẹ̀fọ́ ni kó máa gba ààyè jù nínú àwo yín." Mo kọ ọ́ sínú ìwé kékeré tí mo máa ń fi sápò pé kí òkèlè dín, kí ẹ̀fọ́ pọ̀. Mo fa ìlà sí i nídìí.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí mo ṣe gbọ́ràn sí i lẹ́nu. Mo ní kí Ìyá Bọ̀dé máa se ẹ̀fọ́ lójoojúmọ́, ó sì ń se é. Tẹ̀tẹ̀ lónìí, ṣọkọ lọ́la, ewúro fífọ̀ lọ́tùn-unla, tòun ti irú àti ẹja gbígbẹ. Láfún méjì tí wọ́n dì sínú ọ̀rá ni mo máa ń jẹ tẹ́lẹ̀. Mo ní kó máa gbé ẹyọ kan wá. Ọmọ Ẹ̀gbá tó bá gé láfún rẹ̀ sí ìdajì, ẹ mọ̀ pé kò bá àìsàn ṣeré. Ṣùgbọ́n ẹ̀fọ́ ti pọ̀ nínú àwo. Bí láfún kan ṣoṣo yẹn bá tán, ìdajì ẹ̀fọ́ á ṣì wà nílẹ̀. Kí ni èèyàn ó wá ṣe sí i? A kì í jẹ ọbẹ̀ lófo nílé wa. Ìyá tó bí mi lè dárí ji ọmọ tó fọ́ àwo, kò lè dárí ji ọmọ tó ń lá ọbẹ̀. Ó ní olójúkòkòrò ni irú ọmọ bẹ́ẹ̀, pé kò ní lè kó ilé jọ lọ́la. Orógùn ló fi kọ́ wa. Òkèlè ló ń gbé ọbẹ̀ lọ sọ́nà ọ̀fun, ohun tí mo dáyé bá nìyẹn. Nítorí náà, màá ṣí kúlà, màá mú láfún kékeré kan láti fi parí ẹ̀fọ́ tí ọsibítù ní kí n jẹ. Bí ẹ̀fọ́ bá wá tán tí láfún ṣì kù, màá bu ẹ̀fọ́ sí i. Àwọn méjèèjì kì í sábà tán pọ̀.

"Bàbá Bọ̀dé, láfún yìí mà ti di mẹ́ta," ìyàwó mi wí lọ́jọ́ kan.

"Ẹyọ kan ni tèmi. Ti ẹ̀fọ́ ni àwọn tó kù."

Ó wò mí, ó mi orí. Ẹ má rò pé mo ń ṣe ẹ̀fẹ̀. Ohun tó wà lọ́kàn mi gan-an ni mo sọ.

Nígbà tí mo padà dé ọsibítù lóṣù kejì, ṣúgà ti ga ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Sísítà Yẹmí wo ìwé mi, ó wo ojú mi. Ó bi mí bóyá mò ń lo oògùn, mo ní mò ń lò ó. Ó bi mí nípa ẹ̀fọ́, mo ní lójoojúmọ́. Ó bi mí nípa òkèlè, mo ní mo ti gé e sí ìdajì. Dókítà fi oògùn kún oògùn mi. Mo ń rò ó bọ̀ nílé bí mo ṣe máa ń ro ọ̀ràn níbi iṣẹ́. Oògùn, n kò pa á jẹ. Òkèlè, ó ti dín. Kí ló wá pọ̀ sí i láti ìgbà tí mo ti lọ sí ọsibítù? Ẹ̀fọ́ nìkan. Ọjọ́ náà ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í fura sí ẹ̀fọ́.

Ìyá Ganíyù ló ń ta ẹ̀fọ́ fún wa, ìyá àgbàlagbà kan tó dá ọgbà sí etí odò kékeré tó gba ẹ̀yìn àdúgbò kọjá. Mo dé fìlà, mo lọ bá a nínú ọgbà láàárọ̀ ọjọ́ kejì.

"Ẹ kú iṣẹ́ o."

"Ẹ kú àárọ̀, Bàbá Bọ̀dé. Ẹ̀fọ́ lẹ fẹ́ ni? Ìyá Bọ̀dé mà rà lánàá."

"Kí lẹ ń bù sí ìdí ẹ̀fọ́ yìí?"

"Omi ni."

"Àti kí ni?"

"Ìgbẹ́ adìyẹ." Ó nà ró, ó tún ìró rẹ̀ ró. "Ẹ ti fẹ̀yìn tì kẹ̀, àbí wọ́n ti gbà yín padà síṣẹ́ ni?"

"Ṣúgà mi ló ń ga láti ìgbà tí mo ti ń jẹ ẹ̀fọ́ yín."

"Wàláì! Ẹ rò pé ṣúgà ni mò ń bù sí ìdí tẹ̀tẹ̀? Èmi tí mi ò rí ṣúgà fi mu ẹ̀kọ?" Ó fa ewé ṣọkọ kan tu, ó nà án sí mi. "Ẹ jẹ ẹ́ wò. Ẹ jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀, bó bá dùn, kẹ́ ẹ mú mi."

N kò jẹ ẹ́. Mo wo odò náà, mo rí i pé omi gọ́tà kan ń ṣàn wọnú rẹ̀, mo sì rò pé ọwọ́ mi ti tẹ ọ̀daràn. Mo pa ẹ̀fọ́ tì pátápátá fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ọbẹ̀ ata ni mo fi ń jẹ láfún. Inú mi le, ìgbẹ́ di ogun, ebi kì í sì í tán lára mi. Lónìí mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ gọ́tà yẹn kì í ṣe ìsọkúsọ. Omi ìdọ̀tí lè fún èèyàn ní ìgbẹ́ gbuuru, ìdí rẹ̀ nìyí tó fi yẹ ká fọ ẹ̀fọ́ dáadáa lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹta, ká sì sè é. Ṣùgbọ́n gọ́tà kì í fúnni ní ṣúgà. Mo kó ẹ̀sùn àìsàn kan lé òmíràn lórí, mo sì ti kẹ̀yìn sí oúnjẹ tó ń ràn mí lọ́wọ́.

Àsìkò yẹn ni ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, Àǹtí Rónkẹ́, dé láti Owódé. Ó gbé omi ewúro ìgò mẹ́ta wá. "Kíkorò ló ń pa dídùn," ó ní. "Máa mu ún láràárọ̀, kó o sì da oògùn òyìnbó yẹn nù. Òun ló ń ba kíndìnrín èèyàn jẹ́." Mo bi í pé ta ló fún ewúro náà. Mo bi í pé omi wo ni wọ́n fi fún un. Ó gbá ìró mọ́ra, ó ké pé, "Èmi tí mo pọ̀n ọ́ dàgbà! Ṣé májèlé ni màá fún ọ?" Ó pe Bọ̀dé lórí fóònù, ó pe àwọn ìbátan wa ní Papalanto. Láàárín ọjọ́ mẹ́ta, kò sẹ́ni tí kò bá mi sọ̀rọ̀ nípa ewúro. Wọ́n ní mo ń gbéra ga, wọ́n ní bí bàbá wa ṣe kọ oògùn nìyẹn. N kò mu ún, n kò sì dà á nù. Mo gbé e sẹ́yìn ilẹ̀kùn títí ọ̀kan fi hó tó tú ìdérí dànù. Níbi èyí, ìfura ṣe mí lóore. Sísítà Yẹmí sọ fún mi lẹ́yìn náà pé ewúro nínú ọbẹ̀ dára, ṣùgbọ́n ẹni tó bá pa oògùn tì nítorí rẹ̀ ti wọ gàù, àti pé ẹni tó bá ń mu omi rẹ̀ mọ́ oògùn láìsọ fún wọn lè rí i kí ṣúgà já wálẹ̀ lójijì.

Mo tún fura sí ẹ̀rọ ọsibítù. Mo lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ mi wò ní ilé àyẹ̀wò aládàáni kan, iye tí wọ́n gbà sì dùn mí wọ egungun. Ohun kan náà ni wọ́n rí.

Lọ́jọ́ Sátidé kan, Ìyá Bọ̀dé ń nu ilẹ̀ pálọ̀. Ó dúró, ó ní, "Ẹ̀jẹ̀ ta rèé?" A tọ ipa ẹ̀jẹ̀ náà dé ìdí àga tí mo jókòó sí. Ìṣó kékeré kan ti yọrí nínú bàtà mi, ó ti ń gún ọmọ ìka ẹsẹ̀ mi ọ̀tún láti àárọ̀, n kò sì mọ̀. Ẹ tún un kà. Ìṣó ń gún mi, n kò mọ̀. Àwa méjèèjì wo ara wa. Ṣúgà ti jẹ́ kí ẹsẹ̀ mi kú, kò mọ ìrora mọ́. Kó tó di ọ̀sẹ̀ kejì, ìka náà ti dúdú, ó ń rùn. Wọ́n dá mi dúró ní ọsibítù. Dókítà kékeré yẹn fa àga súnmọ́ bẹ́ẹ̀dì mi, ó ní, "Bàbá, mi ò ní parọ́ fún yín. Bí ṣúgà yìí ò bá wálẹ̀, egbò yìí ò ní jinná. Bí ò bá jinná, ó ṣeé ṣe ká gé ẹsẹ̀ yìí láti ọrùn ẹsẹ̀."

Mo rí bàbá mi lórí ẹní rẹ̀. Mo gbọ́ òórùn yàrá náà padà.

Ọ̀sán ọjọ́ yẹn ni Ìyá Bọ̀dé gbé oúnjẹ dé, ẹ̀fọ́ ṣọkọ àti láfún nínú kúlà. Ó ti ń gbọ́ oúnjẹ, ó ń wá ọsibítù, ó ń fọ aṣọ tí egbò mi bà jẹ́. Mo wo àwo náà. Ọ̀rọ̀ tó jáde lẹ́nu mi nìyí:

"Ìyá Bọ̀dé, kí lò ń fi sínú oúnjẹ mi?"

"Kí lẹ wí?"

"Mo ti yẹ omi wò. Mo ti yẹ ọgbà wò, mo ti yẹ ẹ̀rọ wò. Ìwọ nìkan ló kù."

Àwa márùn-ún la wà nínú wọ́ọ̀dù náà, gbogbo wọn ló gbọ́. Kò sunkún. Ó to ṣíbí àti ike omi sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi bó ṣe máa ń tò wọ́n. "Ọdún mẹ́tàdínlógójì, Bàbá Bọ̀dé," ó ní. Ó mú báàgì rẹ̀, ó jáde.

Ebi sì ń pa mí. Ìtìjú kì í dá ebi ìtọ̀ ṣúgà dúró. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun. N kò mọ̀ pé Sísítà Yẹmí ti wà lẹ́yìn mi, tó ń tún oògùn ẹni tó wà ní bẹ́ẹ̀dì kejì ṣe. Nígbà tí mo ṣí kúlà, ó bọ́ síwájú mi.

"Bàbá, kí lẹ fẹ́ fi èyí tẹ́ ẹ mú yẹn ṣe?"

"Láti fi parí ẹ̀fọ́ ni. Ẹ̀yin náà lẹ ní kí n jẹ ẹ̀fọ́."

"Láfún mélòó lẹ ti jẹ?"

"Ẹyọ kan."

Ó tẹ̀ síwájú, ó ń ṣa ọ̀rá tí mo bó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwo. "Ọ̀kan. Èjì. Ẹ̀ta. Èyí tó wà lọ́wọ́ yín nìkẹrin."

"Ti ẹ̀fọ́ ni àwọn yẹn," mo ní, ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń sọ ọ́, mo gbọ́ ọ.

Ọkùnrin bẹ́ẹ̀dì kejì rẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́. "Bàbá wolé-wolé, wọ́n ti wọ ilé tiyín náà o!"

"Láfún kì í sì í dùn," mo ní. Ohùn mi ti lọ sílẹ̀.

"Kò dìgbà tó bá dùn lẹ́nu, Bàbá. Bó bá ti wọ ẹ̀jẹ̀, ṣúgà ló ń dà. Ẹ̀fọ́ ò ṣe yín ní nǹkan kan. Ohun tẹ́ ẹ fi ń gbé e ló fẹ́ gba ẹsẹ̀ lọ́wọ́ yín." Ó mú ṣíbí tí ìyàwó mi gbé kalẹ̀, ó fi lé mi lọ́wọ́. "Ẹ fi èyí jẹ ẹ̀fọ́ ná, títí tó fi máa ku díẹ̀. Lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ wá fi òkèlè tí ò ju ìkúùkù yín lọ jẹ ìyókù. Bó bá tán, ó tán nìyẹn."

"Ẹ̀fọ́ lófo? Ṣé ewúrẹ́ ni mí?"

"Mi ò tíì rí ewúrẹ́ tó ní ìtọ̀ ṣúgà rí."

Gbogbo wọ́ọ̀dù rẹ́rìn-ín. Èmi kò lè rẹ́rìn-ín. Ìyàwó mi ti kìlọ̀ fún mi nílé pé láfún ti di mẹ́ta. Mo ti ka gbogbo èèyàn mọ́ ọ̀daràn, n kò ka ọ̀rá tó wà níwájú mi.

Ẹ má rò pé mo gbà lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ o. Nígbà tí ṣúgà bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀, mo ní abẹ́rẹ́ tí wọ́n ń gún mi ni. Nígbà tí mo délé, mo ra ẹ̀rọ kékeré tèmi. Lọ́jọ́ kan mo jẹun bí mo ṣe máa ń jẹ tẹ́lẹ̀, mo gún ìka mi lẹ́yìn wákàtí méjì. Lọ́jọ́ kejì mo fi ṣíbí jẹ ẹ̀fọ́ kí n tó kan láfún, ìwọ̀n ìkúùkù kan. Mo tún gún ìka. Ìyàtọ̀ tí mo rí mú mi jókòó. Sísítà bú mi nígbà tó gbọ́ pé mo fi ara mi dán ọ̀nà àtijọ́ wò, ẹ má ṣe é. Mo tún wá sọdá sí òdìkejì: mo fura sí òkèlè débi pé mo pa á tì pátápátá, ẹ̀fọ́ nìkan ni mò ń jẹ, mo sì ń lo oògùn bí wọ́n ṣe kọ ọ́. Lọ́jọ́ Ìsinmi kan, nígbà tí wọ́n ń ka ẹ̀kọ́ kejì ní ṣọ́ọ̀ṣì, òógùn bò mí, ọwọ́ mi ń gbọ̀n, ojú mi ṣú. Ṣúgà ti lọ sílẹ̀ jù. Súwíìtì tó wà nínú báàgì akọrin kan ni wọ́n fi gbà mí là. Oògùn ń retí oúnjẹ, ẹ má jẹ́ kó dé inú òfìfo.

Kí n tó kúrò ní ọsibítù, wọ́n gé ọmọ ìka ẹsẹ̀ náà. Ẹsẹ̀ dúró. Oṣù márùn-ún ni wọ́n fi wẹ egbò kó tó jinná, mo sì ń wo inú bàtà mi lójoojúmọ́ kí n tó tẹ ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́. Bẹ́ ẹ bá bi mí bóyá kẹ́ ẹ máa jẹ ẹ̀fọ́, mo ní ẹ jẹ ẹ́, ẹ jẹ ẹ́ dáadáa. Ẹ má se é títí yóò fi di ẹrẹ̀. Ẹ má fi epo rì í, ẹ sì dín iyọ̀ àti màgí. Ẹni tí dókítà bá ti sọ pé kíndìnrín rẹ̀ ní wàhálà, kó bi wọ́n léèrè irú ẹ̀fọ́ tó bá a mu. Ẹ̀fọ́ kì í gba ipò oògùn. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, ẹ ṣọ́ ohun tó ń bá ẹ̀fọ́ rìn. Mo ra ọ̀pọ̀ ẹ̀fọ́ lọ́wọ́ Ìyá Ganíyù lẹ́yìn tí mo ti bẹ̀ ẹ́. Ó gba ẹ̀bẹ̀ mi, ó rẹ́rìn-ín, ó sì fi ewúro ṣe èènì.

Ti ìyàwó mi ni kò rọrùn. Ọjọ́ kẹta ló tó padà wá sí wọ́ọ̀dù, Bọ̀dé ló ń gbé oúnjẹ wá títí di ìgbà náà. Mo bẹ̀ ẹ́ lójú gbogbo àwọn tó gbọ́ ẹ̀sùn mi. Mo ní kó má bínú, mo ní ẹ̀rù ló sọ mí di ẹranko. Ó ní, "Mo ti gbọ́." Ó tún ibùsùn mi ṣe. Kò tún mẹ́nu kan ọ̀rọ̀ náà mọ́ títí dòní, kò bá mi jà, kò yí ohùn padà sí mi.

Ara mi dá báyìí. Mo ń rìn dé ṣọ́ọ̀ṣì láìlo ọ̀pá. Ṣúgà mi wà níbi tí dókítà fẹ́ kó wà ní ọ̀pọ̀ ọjọ́, èèyàn tó bá sì rí mi lọ́nà kò ní mọ̀ pé ìka kan ti lọ. Ṣùgbọ́n ní gbogbo ọ̀sán, bí Ìyá Bọ̀dé bá gbé ẹ̀fọ́ mi ka orí tábìlì, á bu ṣíbí kan, á jẹ ẹ́ lójú mi, á gbé e mì, á nu ṣíbí náà, á sì gbé e fún mi. N kò ní kó ṣe é, n kò sì ní ẹnu tí màá fi sọ pé kó má ṣe é mọ́. Dókítà ní mo ti ń sàn. Ọjọ́ tó bá gbàgbé láti tọ́ ọ wò, ọjọ́ náà ni èmi yóò gbà pé òótọ́ ni.